Ìwọ̀n tí Àdúràgbèmí Ń Dín Kù

Kò sí ẹni tó mọ Bámgbóyè ní Ìlá tí kò mọ̀ ọ́n mọ́ sìgá. Típà ló wà títí ó fi darúgbó, ó ń kó yẹ̀pẹ̀ láti Ìlá dé Ọ̀rà, láti Ọ̀rà dé Iresi. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń tukọ̀, sìgá ni ọwọ́ òsì máa ń dì mú. Nígbà tí ikọ́ wá mú un, tí kò lè rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà kó má dúró mí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àdúràgbèmí, palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣerun n'Íbàdàn mọ́, ó wálé wá tọ́jú rẹ̀. Ìyá wọn ti kú. Alfred, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Kánádà.

Dókítà tó rí wọn l'Óṣogbo kò fepo bọyọ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró bàbá ti bàjẹ́, kò sì lè padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n bó bá fi sìgá sílẹ̀, èyí tó kù lè gbé e fúngbà díẹ̀. Bámgbóyè búra pé òun ti fi í sílẹ̀. Kò pẹ́ tí Àdúràgbèmí bá a lẹ́yìn balùwẹ̀, tó lóṣòó, tó ń fà á níkọ̀kọ̀ bí ọmọ iléèwé, tí ikọ́ sì ń fa omi lójú rẹ̀. Kò bá a wí. Ó kàn dì í lápá mú wọlé.

Alfred ló ronú kan sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní féèpù. Ó fi rán aládùúgbò wọn kan tó ń bọ̀ wálé wá ṣọdún, pẹ̀lú àwọn ìgò tí wọ́n máa fi po omi rẹ̀: gílísíríìnì, omi kan tó ṣàn jù ú lọ, adùn mẹ́ńtì, àti ìgò kékeré kan tí wọ́n ya agbárí òkú sí lára. Nikotíìnì ló wà nínú ìyẹn, oró inú sìgá tó máa ń di ènìyàn mú.

Síríńjì ni Àdúràgbèmí kọ́kọ́ fi wọ̀n wọ́n. Gílísíríìnì náà ki, ó ń lẹ̀ mọ́ra, Àdúràgbèmí kò sì rí ìlà ara síríńjì dáadáa. Nígbà tó kan nikotíìnì, kò dá a lójú mọ́ bóyá ó ti fà á sí i tàbí kò tíì fà á. Ló bá tún fà á. Bàbá rẹ̀ kò tíì mu ún pẹ́ tí òógùn fi bò ó, ó bì, ó di bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni tí ilé ń yí mọ́. Àdúràgbèmí rò pé òun ti pa á. Nígbà tí ojú bàbá wálẹ̀ tán, ó pe Alfred, ó ń sunkún.

"Má fi síríńjì wọ̀n ọ́n mọ́," Alfred wí. "Òṣùwọ̀n kan wà nísàlẹ̀ páálí tí mo fi kó wọn ránṣẹ́. Ṣó o rí i?"

Ó rí i. Ó pẹlẹbẹ bíi fóònù, dígí ló ti rò pé ó jẹ́.

"Gbé ìgò òfìfo lé e. Tẹ bọ́tìnì ara rẹ̀ kó padà sí òdo. Wá máa kán gílísíríìnì sí i, kó o máa wo nọ́ńbà. Tó bá ti pé, dúró, kó o tún dá a padà sí òdo kó o tó kan èyí tó tẹ̀ lé e."

"Tó bá lé ńkọ́, sà?"

"Tó bá lé, o ò lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Ìdí tí wàá fi máa kán an díẹ̀díẹ̀ nìyẹn."

Omi àti òróró ló fi kọ́ ọ ná. Ó rí i pé atẹ́gùn fáànù ń mi nọ́ńbà, pé bí òun bá tiẹ̀ mí sí i, kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó kọ́ láti wọ ìbọ̀wọ́ kó tó ṣí ìgò alágbárí, nítorí oró náà ń gba ara wọlé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ mu ún láìsí wàhálà, kò sì wá sìgá lọ mọ́.

Ìgbà náà ni Alfred mú ìmọ̀ràn kejì wá.

"Máa dín nikotíìnì yẹn kù nígbàkigbà tó o bá po òmíràn. Má sọ fún wọn o. Tí wọ́n bá mọ̀, ọkàn wọn á máa sọ fún wọn pé kò tó."

"Wọn kì í ṣe ọmọdé, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ṣé kí wọ́n sàn lo fẹ́ àbí kí wọ́n mọ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí dín in kù. Kí iṣu tuntun tó dé ọjà, kò sí nǹkan kan nínú ohun tí bàbá ń fà mọ́ ju mẹ́ńtì àti adùn lọ. Ikọ́ rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ń sùn. Ó gun ọ̀kadà lọ kí Jóṣúà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wa típà, l'Ọ́rà, ó sì gbé àgbàdo sísun bọ̀.

"Tọmọ mi yìí le ju sìgá lọ," ó sọ fún Jóṣúà lórí fóònù. Àdúràgbèmí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè jẹ àgbàdo náà tán.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá ń jẹun. Àdúràgbèmí rò pé ìròyìn ayọ̀ ni.

"Bàbá, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ sìgá. Kò sí oró kankan nínú nǹkan yẹn mọ́."

Bámgbóyè gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. "Látìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, sà."

"Alfred mọ̀ sí i?"

"Wọ́n mọ̀ sí i, sà."

Ó fọ ọwọ́, oúnjẹ ṣì wà nílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe nígbà ìyá yín. Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé àìsàn yẹn á pa á. Ẹ ní kí n máa báṣẹ́ mi lọ, pé ara rẹ̀ ń yá. Ọ̀nà Iresi ni mo wà tẹ́ ẹ fi pè mí pé ó ti kú. N ò rí i dágbére fún."

Àdúràgbèmí kúnlẹ̀. "A ò fẹ́ kí ọkàn yín dàrú ni, sà."

"Ọkàn tèmi ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n fún mi?"

Ó jáde. Nígbà tó padà, sìgá ń rùn lára rẹ̀, kò sì fi páálí rẹ̀ pamọ́. Àdúràgbèmí bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun máa pò ó lójú rẹ̀, bó bá ṣe fẹ́ kó le tó. Bàbá ní kó má wọ̀n nǹkan kan fún òun mọ́.

Ọyẹ́ dé, ikọ́ náà dé, èyí sì burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà pe Àdúràgbèmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe, pé kó má jẹ́ kí bàbá gbọ́. Alfred náà sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

"Rárá, sà," ló dá a lóhùn. "Mi ò lè fi nǹkan pamọ́ fún wọn mọ́."

Ó wọlé, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un bí dókítà ṣe sọ ọ́. Bámgbóyè na ọwọ́ sí i.

"O ṣeun," ó wí. "Jẹ́ ká máa lọ sílé. Sọ fún Alfred kó máa bọ̀."

Nílé, kò ní agbára tó lè fi fa sìgá mọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń béèrè fún un. Ó ní kí Àdúràgbèmí gbé òṣùwọ̀n náà wá, kó fi han òun. Ó jókòó ti tábìlì, ó ń ka nọ́ńbà sókè bó ti ń gòkè. Nígbà tó kan ìgò alágbárí, Àdúràgbèmí di ìgò mú, ó ń kán an, bàbá ń wo nọ́ńbà. Kò tíì pọ̀ rárá tí bàbá fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó."

Alfred bá a láàyè. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀kùn. Bámgbóyè fi ibi tí wọ́n máa sin òun sí hàn wọ́n, ó dárúkọ ẹni tó fẹ́ kó gbàdúrà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ká ní a sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé à ń dín in kù," Alfred wí, "ṣé wọn ì bá ṣì wà?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Àwọn èèyàn kan ń bọ̀ lókè ọ̀nà wá bá wọn kẹ́dùn. Àdúràgbèmí dìde, ó lọ gbé àga.