Ohùn Uncle Muhyideen Lẹ́nu Láńre

Láńre Ṣíwọlá ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Pickering, ó sì ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Adépéjú, ní Whitby. Eré orí ìtàgé ló fẹ́ràn jù láyé. Nígbà tí ilé eré kékeré kan ní Toronto ń wá òṣèré ọkùnrin tó gbọ́ Yorùbá, ó lọ síbẹ̀, wọ́n sì mú un.

Eré náà kì í ṣe àròsọ. Olùdarí rẹ̀ ti gba ohùn àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan sílẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé ọkùnrin bíi tiwọn ni wọ́n ń fẹ́, tí wọ́n ti ń gbé ìlú náà tipẹ́. Ohun tí kálukú wọn sọ gan-an ni àwọn òṣèré ń sọ, àti ikọ́ àti ìdákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kan, kò sì gbọdọ̀ fi kan kún un.

Ohùn Uncle Muhyideen ni wọ́n fún Láńre. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá náà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun àti Desmond, ọmọ Jàmáíkà tó ń wa bọ́ọ̀sì, jọ gbé ní Scarborough títí àìsàn fi mú Desmond lọ. Níbi ìsìnkú, àwọn ẹbí Desmond sọ fún àwọn èèyàn pé ayálégbé ni Muhyideen. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó kóòtù sí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ púpọ̀ nínú ìtàn náà, àmọ́ nígbà tó dé ibi ìsìnkú, ó yà sí Yorùbá: “Kì í ṣe onílé mi. Ọkọ mi ni. Ọkọ mi ló kú.”

Ó wá wo Láńre lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Ó ní, “Mi ò fi Yorùbá sọ ọ́ rí kí n tó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yẹn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, sà,” ni Láńre wí. “Mi ò ní bà á jẹ́.”

Ó wù ú kó sọ fún bàbá náà pé ọ̀rọ̀ òun náà nìyẹn, pé òun kò tíì fi èdè kankan sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọ́. Adépéjú náà, ohun tó sọ fún un ni pé eré nípa àwọn àgbà tó ti dé Canada tipẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí eré náà, gbọ̀ngàn kún. Láńre ti sọ̀rọ̀ dé ibi ìsìnkú nígbà tó gbójú sókè, tó sì rí Auntie Adéjọkẹ́ ní ìlà kejì. Auntie Adéjọkẹ́ ló ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun àti Adépéjú sì mọwọ́ ara wọn dáadáa. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú un wá. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Láńre.

Láńre gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, “Kì í ṣe onílé mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rẹ́ mi ló kú.”

Eré ń lọ. Olùdarí kò gbọ́ Yorùbá, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Ṣùgbọ́n Uncle Muhyideen wà nínú gbọ̀ngàn.

Lẹ́yìn eré, Auntie Adéjọkẹ́ bá Láńre ní ẹnu ọ̀nà, ó dì mọ́ ọn. “O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí àwọn tó kù ń sọ, àyà mi já, mo rò pé wọ́n á ní kí ìwọ náà sọ ìsọkúsọ. Àṣé ọ̀rẹ́ lásán ni tìẹ. Màá sọ fún Péjú.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni Láńre wí, ó sì tẹríba. Nígbà tó gbé orí sókè, Uncle Muhyideen dúró lẹ́yìn Auntie, ó ti wọ kóòtù rẹ̀.

Auntie yíjú, ó kí i, ó sì bi í pé, “Ẹ̀yin náà mọ Láńre, sà?”

Bàbá náà wo Láńre díẹ̀. “Rárá o,” ló wí. “Mo kàn wá wòran ni.”

Ó jáde. Láńre kò lè tẹ̀lé e. Ara rẹ̀ gbóná láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

Nígbà tó jáde níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Scarborough. Uncle Muhyideen ṣílẹ̀kùn, ó fi àga hàn án, ó sì gbé tíì fún un. Láńre dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú sí mi.”

“Dìde. Mi ò bínú. Ojú ló ń tì mí. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ara mi tí mò ń sẹ́ Desmond, níṣojú gbogbo ayé.”

Láńre dìde, ó jókòó sórí àga.

“Tí o kò bá lè sọ ọ́, kò sí èébú níbẹ̀,” ni bàbá náà wí. “Jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i. Èmi náà ti bẹ̀rù rí. Ṣùgbọ́n má ṣe fún ọkọ mi ní orúkọ mìíràn. Mi ò sì ní wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tó.”

Nígbà tí Láńre délé, Adépéjú wà nídìí síńkì, ó ń ṣan ewébẹ̀. Ó ní, “Auntie Adéjọkẹ́ pè mí. Ó ní o ṣe bí ọmọlúàbí.”

“Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kọ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá náà, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ rẹ̀ ló ní ó kú. Mo yí i padà nígbà tí mo rí Auntie.”

“Kí ló dé?”

“Ojú tì mí.”

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀ tí ojú á fi tì ọ́?”

Ó lè purọ́ níbẹ̀, irọ́ náà ti wà ní ẹnu rẹ̀. “Bí bàbá yẹn ṣe wà lèmi náà wà,” ló wí.

Adépéjú pa omi. “Má tíì sọ fún Màámi,” ló wí. Ó kó ewébẹ̀ náà sínú abọ́, ó sì gòkè lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Adépéjú bi Láńre pé aago mélòó ni eré. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló jókòó sí, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Láńre rí i láti orí ìtàgé. Ó sọ ọ́ bí bàbá náà ṣe sọ ọ́, ó wúkọ́ níbi tí bàbá náà ti wúkọ́. Ọkọ mi ni. Ọkọ mi ló kú. Ó wojú àwọn èèyàn, ó ń wá Uncle Muhyideen, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ bọ̀ wálé lórí òpópónà 401, wọ́n ti kọjá Pickering nígbà tí Adépéjú béèrè pé,

“Bàbá yẹn, ta ló ń wò ó báyìí?”

“Òun nìkan ló ń gbé.”

Adépéjú mi orí, ó ń wo ọ̀nà. Láńre yíjú sí fèrèsé, nítorí omi ti ń bọ̀ lójú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun rí i.