Fèrè Ọ̀gá

Ẹnu-Idẹ ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ olórin wọn, torí ọdún mọ́kànlá ló ti ń fọn fèrè idẹ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni olórí ẹgbẹ́ fẹ́ yan ẹni tí yóò jókòó sí àga iwájú, àga tí ikú Ọ̀gá, afọnfèrè olókìkí, fi sílẹ̀ lófìfo. Ẹnu-Idẹ wá gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù: bí òun bá rí fèrè Ọ̀gá fọn, ta ni yóò bá òun du àga náà?

Ó kọrí sílé opó Ọ̀gá. Fèrè náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń kọ mànà.

"Fọn ọ́n wò, ọmọ mi," ni ìyá wí.

"Háà, ìyá! Ẹnu mi ò tíì tó o. Ó dijọ́ tí mo bá dé iwájú wọn."

"Ó dáa. Fi tìẹ ṣe pààrọ̀, kí orí kọ́bọ́ọ̀dù má baà ṣófo."

Ẹnu-Idẹ gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ó gbé ti Ọ̀gá. Ìyá rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n inú Ẹnu-Idẹ ti dùn ju ẹni tí yóò ronú lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó dìde, ó kó afẹ́fẹ́ sẹ́rẹ̀kẹ́, ó fọn. Ohun tó jáde kò yàtọ̀ sí èémí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Ó tún fọn ún, òógùn bò ó. Àwọn kan ti ń fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá tó ń bá wọn tún fèrè ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tan sìgá, ó fẹ́ èéfín sínú rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń wá ibi tí fèrè ti lu. Èéfín yọ níbi mẹ́fà.

"Itọ́ Ọ̀gá ti jẹ ẹ́ tán nínú," ni bàbá wí. "Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbé e dání ya fọ́tò lásán, fèrè mi tó jọ ọ́ ló ń yá fọn. Ìyàwó ẹ̀ náà mọ̀."

"Ìyá mọ̀?"

Wọ́n ti pe ẹni tó kàn. Ọmọbìnrin Ọ̀gá ló dìde, fèrè Ẹnu-Idẹ lọ́wọ́ rẹ̀, fèrè náà ṣì tẹ̀ níbi tó fi gbá ilẹ̀ nígbà tó já bọ́ lọ́wọ́ Ẹnu-Idẹ nígbà kan. Ó fọn ún. Fèrè tó ti mọ ẹnu kan fún ọdún mọ́kànlá kò tijú rárá, ó dún geerege. Ká má purọ́, ọmọ náà mọ̀ ọ́n fọn. Wọ́n fún un ní àga.

Olórí ẹgbẹ́ wá fa Ẹnu-Idẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "A ò ní lé ẹ. Máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó o gbé fèrè Ọ̀gá dání. Àwọn èèyàn á fẹ́ bá a ya fọ́tò. Máa nù ún dáadáa, ṣùgbọ́n má fọn ọ́n o."

Ẹnu-Idẹ fi etí ẹ̀wù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.