Bàbá Dúpẹ́ Jọba Lójú Oorun Mi

Ìyá Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, fíìmù ayé àtijọ́ tá a wò lánàá bá mi dé ojú oorun. Ọkọ mi ló jọba, ó dé adé lé fìlà tó fi ń sùn. Èmi olorì ń ṣa ẹ̀wà láàfin.

Àwọn ìjòyè dọ̀bálẹ̀: "Kábíyèsí, ẹ fẹ́ ọmọbìnrin ọba ìlú kejì, kí ogun lè tán."

Ó bú sẹ́kún pé èmi nìkan lòun fẹ́ràn. Àánú ìlú ṣe mí. Mo ní, "Ẹ fẹ́ ẹ. Á máa bá mi pọnmi."

Kí n tó gbójú sókè, Kábíyèsí ti kun àtíkè, ó ti gun ẹṣin!

Mo bá jí. Ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Nígbà tó jí, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ṣé o jíire?"

N ò tíì dá a lóhùn.