Káfíńtà Há Sínú Pósí

Káfíńtà kan fi ojúlówó igi kan pósí ara rẹ̀, kí ayé lè sọ pé èèyàn ńlá ló lọ. Lọ́dọọdún ló ń dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ wò. Lọ́dún yìí, ikùn rẹ̀ há.

"Ìyá àwọn ọmọ, gbà mí o!"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó gbé ayùn.

"Má gé e! Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni!"

"Ẹ máa gbé ibẹ̀ nígbà náà, èèyàn ńlá."

Káfíńtà mí kanlẹ̀. "Ó dáa, gé e."

Bí pákó ṣe là, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, pósí ti di pẹpẹ ìkòkò.

"Ẹní ni kẹ́ ẹ fi sin mí," ló wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kó fẹ̀."