Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ

Ọwọ́ kan yọ létí àwòrán náà, kì í sì í ṣe ọwọ́ àwọn ìbejì tó jókòó sórí àpótí. Ó gba ẹ̀yìn aṣọ olódòdó tí wọ́n ta sẹ́yìn wọn yọ jáde, ó di ìbàdí Táyé mú kó má baà ṣubú. Elvire sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fẹ àwòrán náà sí i. Àpá iná kan wà lókè ọrùn ọwọ́ yẹn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn bí ewé koríko.

Ó mọ àpá náà. Òróró àkàrà ló ta sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí òun. Nígbà tó wà ní kékeré, tí ìyá bá ń di irun fún un, àpá yẹn ni yóò máa fi ìka tọ̀ lọ, tọ̀ bọ̀, títí oorun á fi gbé e lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Lọ́jọ́ kejì ni wọn yóò ṣe ìrántí ọdún kan Morónkẹ́, ìyá rẹ̀, ní ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ ní Sakẹ́tẹ́, ẹbí kò sì ní fótò rẹ̀ kan tó ṣeé gbé síwájú pẹpẹ. Ikán ti jẹ ti ìgbéyàwó. Bí àwọn ọmọ bá gbé tẹlifóònù sókè, obìnrin náà á fi ìborùn bojú, á ní kí wọ́n lọ ya ẹni tó lẹ́wà. Ti káàdì ìdánimọ̀ nìkan ló kù, níbi tó ti ranjú bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Èyí ni Wilfried, ẹ̀gbọ́n Elvire tó ń gbé ní Kùtọnù, fẹ́ tẹ̀ ní ńlá wá.

Ohun tó ń dun Elvire ni pé ayafótò ni bàbá wọn. Kò sí ìkómọ, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú àgbà ní Sakẹ́tẹ́ tí Basile kò gbé kámẹ́rà dé nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ náà. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé Yoko, ó gùn ún dé Ìta-Jẹ̀bú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, inú bí Elvire, ó sì sọ ọ́ sí i lójú pé, "Bàbá, ẹ ya ìyàwó gbogbo ayé, ẹ ò ya tiyín." Ọkùnrin náà dìde. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wọn.

Ẹ̀rọ tó wà níwájú Elvire yìí, ti ilé ìtẹ̀wé kan ní Àjàṣẹ́ ni, níbi tó ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í pa. Ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń ka fíìmù sínú kọ̀ǹpútà ni, ó wúwo bí màlúù tó dùbúlẹ̀. Wọ́n fẹ́ dà á sí ààtàn, ó bẹ̀ wọ́n, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá sílé. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé èèyàn á fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ fíìmù mọ́ ara àgbá kan tó mọ́ gaara bí dígí, á fi ọ̀rá bò ó, á sì nù ún títí atẹ́gùn kò fi ní sí lábẹ́ rẹ̀. Àgbá náà á wá máa yí, á máa kùn bí oyin, ìtànṣán iná tín-ín-rín kan á sì máa ka fíìmù ní ìlà kọ̀ọ̀kan, láti etí dé etí. Kì í fo ohunkóhun.

Arlette, obìnrin kan ní Yoko, ló ní kó bá òun wá àwòrán ìbejì òun jáde nínú fíìmù bàbá rẹ̀. Elvire mú fótò àtijọ́ tí Basile tẹ̀ fún obìnrin náà, èyí tó mú wá ṣe àpẹẹrẹ, ó tún un wò. Kò sí ọwọ́ yẹn nínú rẹ̀.

Ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ó fa fíìmù mìíràn yọ nínú páálí, ó lẹ mélòó kan pọ̀ mọ́ àgbá. Ìgúnpá kan yọ. Nínú òmíràn, etí gèlè. Nínú òmíràn, orúnkún méjì nísàlẹ̀ aṣọ, bí ti ẹni tó ń gbàdúrà. Ibikíbi tí ọmọdé bá ti jókòó tí kò sunkún, Morónkẹ́ wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń yín àgbàdo sínú àtẹ. Elvire lọ kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, mo rí ọwọ́ ìyá mi nínú fótò ìbejì Yoko."

Ọwọ́ àgbà náà dúró lórí àgbàdo.

"O ti rí i," ló wí.

Ó gbọn ìyàngbò ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó ní ẹ̀rù kámẹ́rà máa ń ba àwọn ọmọdé, Morónkẹ́ nìkan ló mọ bí èèyàn ṣe lè mú wọn dákẹ́. Yóò kúnlẹ̀ sẹ́yìn aṣọ, yóò dì wọ́n mú, yóò máa kọrin sí wọn létí títí kámẹ́rà yóò fi dún. Bí òun bá wá dé yàrá òkùnkùn tí òun ti ń tẹ fótò, òun á yọ ọ́ kúrò, nítorí oníbàárà kò sanwó wá wo ọwọ́ ìyàwó òun.

"Èmi ni mo ń gé e, Elvire. Ọwọ́ mi yìí ni. Nígbà tó wà láyé, ẹ̀rín la máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rín. Nígbà tó lọ tán, mi ò lè wọ yàrá tí àwọn fíìmù yẹn wà mọ́."

Elvire rántí ọjọ́ ìsìnkú, bí bàbá yìí ṣe ń to àga, tó ń pàṣẹ nípa omi àti ìjókòó àlejò, tí òun sì ń sọ lọ́kàn pé ọkàn rẹ̀ le. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó mú ṣuku àgbàdo kan, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí yín in.

Wọ́n yín àgbàdo náà díẹ̀ kí bàbá tó tún lanu.

"Ọ̀kan wà tí mi ò tẹ̀ rí."

Ó wọlé, ó sì gbé agolo wàrà kan jáde láti abẹ́ aṣọ inú àpótí rẹ̀. Fíìmù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó ká kò, ó sì ti lẹ̀ mọ́ bébà tí wọ́n fi wé e. Pobẹ̀ ni òun ti yà á, níbi ìkómọ kan, ló wí. Elvire gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, ó fẹ́ ṣí i. Bó bá ya, ó tán nìyẹn. Bàbá tẹ̀ lé e wọ yàrá ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Má fà á. Fi òróró sí i, kó mu ún. Ṣe sùúrù."

Wọ́n dúró. Bébà náà rọ̀, ó ṣí díẹ̀díẹ̀, bàbá sì fi èékánná di etí fíìmù mú bí ẹni tí iṣẹ́ náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n jọ lẹ̀ ẹ́. Wọ́n jọ nù ún. Àgbá bẹ̀rẹ̀ sí kùn.

Ìsàlẹ̀ ni àwòrán náà ti ń jáde wá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà aṣọ olódòdó tó já bọ́. Ọmọ kan tẹ̀ lé e, tó di etí aṣọ náà mú, ojú rẹ̀ kún fún ìwà jàgídíjàgan. Orúnkún méjì. Apá tó ní àpá. Ọrùn. Nígbà náà ni ojú wá.

Morónkẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀, aṣọ kọ́ ọ léjìká, ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, èjí rẹ̀ hàn, ẹ̀rín ń pa á. Kò wo kámẹ́rà. Òkè kámẹ́rà ló ń wò, níbi tí ọkùnrin tó ń yà á ti gbé orí sókè.

Elvire mọ ojú ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ń bá èèyàn wí, nígbà tó bá ń gbàdúrà, nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Kò rí irú èyí rí. Ojú yìí kì í ṣe ojú ìyá ẹnikẹ́ni. Ojú ọmọge kan ni, tó ń wo ọkùnrin tó fẹ́ràn.

Ó pe Wilfried, ó ní kó má tẹ ti káàdì mọ́, òun ń fi òmíràn ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó bi í bóyá kí òun yọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò níbẹ̀ nítorí pẹpẹ.

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá wí. "Òun ló jẹ́ ká rí i."

Elvire dìde, ó fi àga sílẹ̀ fún un, ó sì lọ sí ilé ìdáná lọ dáná. Bó ṣe ń ro ọkà ló ń gbọ́ ohùn bàbá níwájú àwòrán náà ní yàrá kejì, jẹ́jẹ́, ní Ànàgó ilé: ó ń ròyìn òjò ọdún yìí, ẹni tó bímọ ní àdúgbò, bí orúnkún ṣe ń dun òun. Á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́, bí ẹni tó ń dúró gbọ́ èsì, á tún máa bá a lọ.

Oúnjẹ jinná. Elvire bu ti bàbá sínú àwo, ó dé e, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kó má baà tutù. Kò pè é.