Ìbòjú Jórinjórin

Gbogbo àdúgbò Adégbàyí ló gbà pé Lìádì mọ iṣẹ́ jórinjórin, àfi pé kì í dáhùn bí wọ́n bá kí i. Bó bá ti fa ìbòjú bo orí, tí iná ń ta pàrà, asán ni "ẹ kú iṣẹ́" àwọn èrò ọ̀nà ń já sí. Ọ̀rọ̀ náà ì bá má le, bí kò bá ṣe pé Ààfáà Roheem wà lára àwọn tó ń kọjá, Nimotallahi ọmọ Ààfáà sì ni Lìádì fẹ́ fẹ́.

Ààfáà kí i títí, ó sú wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tó ń fi nǹkan bojú mọ́ àgbà.

Ẹ̀rù ba Lìádì. Ó lọ bá ẹni tó ń ta jígí lọ́jà Géètì. Ìyẹn gbé ìbòjú tuntun kalẹ̀, ó gbé jígí dúdú tì í.

"Èyí tó bo gbogbo ojú ni tiṣẹ́. Oòrùn lèyí wà fún."

Lìádì bi í pé èwo lòun á dé táwọn èèyàn á fi rí i bí òun bá ń rẹ́rìn-ín. Jígí oòrùn ló rà.

Láti ọjọ́ náà ló ti di ọmọlúàbí. Ẹni tó bá kí i, ó ń dá a lóhùn. Bí Ààfáà bá ń kọjá, á dọ̀bálẹ̀. Inú Ààfáà dùn, wọ́n dájọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ojú Lìádì nìkan ni kò bá wọn yọ̀. Ó pọ́n, ó ń ṣomi, ó ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo sí i. Ó ní kò séwu. Ìwà òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ni ìfẹ́ ò tíì sọ dòmùgọ̀ rí?

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà, ojú ti wú dí. Wọ́n fà á lọ́wọ́ wọlé Ààfáà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àmù omi.

"Bàbá, ẹ kú ilé o."

"Ọ̀tún rẹ ni mo wà," Ààfáà ló dáhùn. "Kí ló ṣe ọ́ lójú?"

Nimotallahi ló kúnlẹ̀ dáhùn.

"Iná iṣẹ́ ni, Bàbá. Ó bọ́ ìbòjú kó lè máa dá yín lóhùn. Ojú tó yẹ kó máa fi wò mí lẹ fi ń gba ìkíni."

Ààfáà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé Lìádì lọ sọ́sibítù.

Nígbà tí ojú jiná, tí Lìádì tún dé ìbòjú, Ààfáà gbé àga lọ sẹ́bàá títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kí Lìádì, Ààfáà ló ń dá a lóhùn.

"Ó ní ẹ ṣeun. Ó ń jórin lọ́wọ́."