Ẹsẹ̀ Kejì

Mẹ́rìndínlógún. Kì í ṣe ìlà mẹ́rìnlá mọ́… Mo tún gbé ife onílà tí nọ́ọ̀sì fún mi sí ojú fèrèsé, mo di ojú kan. Mẹ́rìndínlógún náà ni.

Bóyá mo mí sí i. Bóyá ike kò dúró dáadáa nínú bàsíà — rárá, mo bu omi kún un dé etí, títí omi fi ń gbọ̀n bí ojú ẹni tó fẹ́ sunkún, kí n tó rọra ki ẹsẹ̀ ọmọ mi tó wú bọ inú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni omi á ṣe dà sílẹ̀ fún un. Èyí tó ṣàn sínú bàsíà ni mo fi ife náà wọ̀n. "Omi kì í ṣojúsàájú, ìyá," nọ́ọ̀sì ló wí bẹ́ẹ̀, lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn. "Tí wíwú yẹn bá fi ìlà méjì lé, ẹ gbé e wá. Dókítà máa là á ni."

Là á. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ…

Ó ti sùn lọ sórí àga, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì tó wú ṣì wà nínú omi. Oòrùn ọ̀sán kan omi náà, ìmọ́lẹ̀ ń jó lára àjà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, àfi bíi pé inú ike ni gbogbo yàrá wà… Kó tó sùn, ó bi mí pé, "Màmi, ṣé omi tó dà nù yìí lèmi?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín orí ètè lásán.

Ó sọ nǹkan kan láàárọ̀. Nípa bàtà. "Ó ń fún mi." Mo ní pẹ̀lẹ́, mo mọ̀, wíwú ni. "Kì í ṣe ẹsẹ̀ yẹn, Màmi! Èkejì ni."

Èkejì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, méjèèjì ni nọ́ọ̀sì wọ̀n. Òsì, mẹ́rìnlá. Ọ̀tún, mẹ́wàá. Ó ní kí n máa wọn méjèèjì — èmi wá ń sọ nínú mi pé ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, kí ni mo ń wá lọ síbẹ̀?

Mo yọ òsì, mo nù ún. Mo da omi bàsíà nù, mo tún bu omi kún ike dé etí. Má jí, ọmọ mi, má jí… Mo ki ọ̀tún bọ̀ ọ́. Omi ń ṣàn. Ó ṣì ń ṣàn —

Méjìlá.

Mẹ́wàá, mẹ́rìnlá. Méjìlá, mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin náà ló ṣì wà láàárín wọn. Wíwú náà kò lọ. Kò sì lé. Ọmọ mi ló ń dàgbà… Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ kan, gbogbo ìyókù ọmọ ń dàgbà níṣojú mi, n kò rí i.

Mo di àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún náà mú nínú omi. Ó tóbi. Ó kún ọwọ́ mi.

Ìwọ yìí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o.